Iná Boston àti Ìṣirò Omi Páìpù Abẹ́ Ilẹ̀

Bí a bá béèrè ibi tí ìṣirò omi ẹ̀rọ inú ìlú ti ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ni yóò tọ́ka sí ọdún 1936, nígbà tí Hardy Cross ti Yunifásítì Illinois ṣàlàyé bí a ṣe lè ṣírò iye omi tó ń gba inú páìpù kọ̀ọ̀kan kọjá nígbà tí gbogbo wọn so kọ́ra. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ iná ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1872, iná jó ilé 776 ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Páìpù abẹ́ àdúgbò ìtajà tó jó náà tín-ín-rín jù, John Damrell tó jẹ́ ọ̀gá panápaná sì ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́. Irú òfò báyìí, àwọn adójútòfò ló ń sanwó rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ni ọ̀rọ̀ omi ká lára jù. John R. Freeman, tó ń bá àwọn adójútòfò ilé iṣẹ́ ńláńlá ṣiṣẹ́, fi ìwọ̀n omi tó ń jáde lẹ́nu rọ́bà panápaná léde ní 1889. Irú ọ̀pá ìwọn eré omi tí Henri Pitot tì bọ inú odò Seine ní Paris ní 1732 ni wọ́n ń gbé sí ẹnu hydrant, irin ẹ̀bá títì tí panápaná ń fa omi lára rẹ̀, títí dòní.

Ìdánwò hydrant náà kò le. Wọ́n á de géèjì mọ́ hydrant kan, wọ́n á ka agbára omi nígbà tí ohunkóhun kò tíì ṣí, wọ́n á wá ṣí èkejì gbayawu, wọ́n á tún géèjì kà. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí inú páìpù ṣe rí, nítorí kò sẹ́ni tó rí i. Ìlànà tí Hazen àti Williams gbé jáde ní 1905 fún páìpù irin tuntun ní nǹkan bí 130, iye tó ń sọ bí inú páìpù ṣe ń dán tó. Bí ìpẹtà bá ti bò ó nínú, ó lè já wálẹ̀ sí 80 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Iye tí o bá fún ìṣirò Cross ló máa gbà.

Àwọn kan ní ìfomiṣòfò ni, pé ó tún ń ru ìpẹtà sókè, nígbà tí géèjì ojoojúmọ́ wà. Òótọ́ ni pé omi ń ṣòfò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ lásán, agbára tí omi ń pàdánù lójú ọ̀nà lè má ju àṣìṣe géèjì fúnra rẹ̀ lọ. Sọ omi náà di ìlọ́po mẹ́rin, ìpàdánù náà á di nǹkan bí ìlọ́po 13. Ìgbà yẹn ni páìpù yóò jẹ́wọ́. Àríwísí tó le jù ni pé èèyàn lè máa fa iye páìpù sílẹ̀ títí ìwé yóò fi bá géèjì mu, láìmọ̀ pé fáàfù tí òṣìṣẹ́ kan tì gbàgbé ló ń dí omi lọ́wọ́. Mo gbà. Nítorí náà ni ẹni tó bá rí i pé páìpù tí kò tíì pẹ́ nílẹ̀ ń béèrè 40 fi gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kó lọ wá fáàfù. EPANET, ètò kọ̀ǹpútà tí àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1993, ń ṣe iṣẹ́ Cross kíá, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó ń lò ó ṣì ní láti gbé sípánà lọ sí títì.