Pẹ́ńsù Ọnàbólú, Ojú Murray àti Ọmọ Ọ̀fà

Kékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, inú agbo ilé ni ọmọ agbẹ́gilére ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó dé, iṣẹ́ ọnà kò bá ọmọ wọ kíláàsì.

Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1882, ni ó ṣílẹ̀kùn. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ń sọ pé adúláwọ̀ kò lè ya àwòrán ènìyàn kí ó jọ ọ́, ó ya ti Ìyáàfin Spencer Savage lọ́dún 1906. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1920. Nígbà tó dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ l'Ékòó bí ohun tó wà nítòsí ṣe ń tóbi lójú, tí èyí tó jìnnà sì ń kéré. Iṣẹ́ náà pọ̀ fún ẹnì kan, ó sì rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn. Bí Kenneth Murray ṣe dé lọ́dún 1927 nìyẹn.

Èrò Murray yàtọ̀: ó fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọnà ìlú tirẹ̀. Lọ́dún 1937, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márùn-ún, Ben Enwonwu lára wọn, ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1943, ìjọba fi í ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, fún àwọn ère òkúta Èsìẹ́.

Ìpínlẹ̀ Kwara kan náà ni Èsìẹ́ àti Ọ̀fà wà. Lónìí, iṣẹ́ ọnà wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kàn ya ìkòkò sójú pátákó, tí ó ní kí ọmọ kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà dà á kọ, ẹ̀kọ́ àwọn méjèèjì ti sọnù. Ní ọjọ́ orí yìí ni ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé àwòrán òun kò jọ ohun tí òun rí, tí ọ̀pọ̀ sì ń ju pẹ́ńsù sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà ni ó nílò, kì í ṣe ìbáwí. Ẹ mú un lọ sí Èsìẹ́. Kí ó fi pẹ́ńsù wọn orí ère mọ́ ara rẹ̀ bí Ọnàbólú yóò ti fẹ́. Kí ó yẹ irun, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ilà ojú rẹ̀ wò bí Murray yóò ti fẹ́.

Ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìjàkadì ni Ọ̀fà. Kò sì sí ẹni tó fi ìwòran nìkan di oníjàkadì.