Multiple sclerosis: bí físíò ṣe ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ padà rinlẹ̀

Tí èèyàn bá ń rìn tàgétàgé lọ́sàn-án gangan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, kíá làwọn ará àdúgbò á ti ní ó mutí yó, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ àìsàn ni o. Multiple sclerosis, tí àwọn dókítà ń pè ní MS, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àìsàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa bíi rọpárọsẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun gbé jáde ní 1971 lórí àwọn aláìsàn UCH Ìbàdàn, MS fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Àmọ́ kò tíì sí ẹ̀rọ MRI tó ń fi í hàn nígbà yẹn.

Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà, ló ń kọjú ìjà sí èèpo tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Bíi wáyà tí rọ́bà ara rẹ̀ ti bó ló rí: iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí ẹsẹ̀ á pẹ́ kó tó dé, tàbí kó má dé mọ́. Ẹni ọdún 20 sí 40 ló sábà máa ń mú, obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kì í ràn.

Nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ́ kéèyàn dúró láì ṣubú: ojú, inú etí, àti bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń mọ ilẹ̀ tó tẹ̀. MS lè ba gbogbo wọn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi lè máa ṣe dáadáa lójúmọmọ, àmọ́ tí NEPA bá mú iná lọ, tàbí tó bá di ojú láti fi ọṣẹ bọ́jú, ó ti fẹ́ lulẹ̀. Ó ju ìdajì àwọn tó ní in lọ tó máa ń ṣubú láàárín oṣù 3.

Ibí ni físíò ti wọlé. Oníṣẹ́ físíò á kọ́kọ́ wọn bí nǹkan ṣe rí. Ìdánwò Berg, tí wọ́n sábà máa ń lò, ní iṣẹ́ 14, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 56. Lẹ́yìn náà ni ìdárayá: kéèyàn máa dìde lórí àga láì fọwọ́ tì í, kó fi ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì kó dúró, kó máa yí orí sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ojú ò kúrò lórí ohun kan, kó máa rìn kó sì máa ka owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtòsí ògiri ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ẹnì kan sì wà nítòsí. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló dáa. Ẹni tó bá pa á tì, kò ní pẹ́ tí èrè rẹ̀ á fi dínkù.

Ooru Èkó yìí ni ọ̀tá tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Láti 1890 ni dókítà ojú ará Jámánì kan, Wilhelm Uhthoff, ti kíyè sí i pé tí aláìsàn bá lo agbára, ojú rẹ̀ á ṣú; ara tó gbóná ló ń fà á. Ẹsẹ̀ náà máa ń rọ bẹ́ẹ̀. Tí ara bá tutù, á padà sípò, nítorí náà kì í ṣe pé ìdárayá ló pa á lára. Àárọ̀ kùtù ni kó ṣe é, pẹ̀lú fáànù àti omi tútù.

Ilé náà ṣe pàtàkì. Nínú agboolé tí àwọn èèyàn Ọṣòdì Tápà tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n padà láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862, ọ̀nà há, gọ́tà sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì omi kúrò ní pásééjì, kí wọ́n kan irin ìdìmú sí ilé ìwẹ̀, kí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tí kò lágbára ni wọ́n fi ń di ọ̀pá mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe òdì èyí.

Físíò kì í wo MS sàn, kò sì rọ́pò oògùn. Tí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé kú tàbí ojú bá ṣú tó sì kọjá ọjọ́ kan láìjẹ́ pé ara gbóná, kí wọ́n dá ìdárayá dúró, kí wọ́n rí dókítà. Jẹ́nẹ́rà Ọ̀dàn ló sún mọ́ àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó jù. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lè gba ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ ní LUTH, Ìdí-Àràbà.