Ẹṣin àti Àwọn Olùtọ́jú Rẹ̀ ní Ogun Òṣogbo

Àwọn ará Íńdíà àtijọ́ a máa kọ́ erin ní ogun jíjà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹran ọdẹ ni erin. Ẹṣin ni a kọ́ fún ogun.

Bí a bá ń ka ìtàn ogun tí Ìbàdàn bá Ìlọrin jà ní Òṣogbo ní 1840, a ó rí orúkọ Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ ti Ìbàdàn, a ó sì rí ti Àlí tí ó ṣáájú ogun Ìlọrin. Àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin kò lórúkọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lójú tèmi, ọwọ́ wọn ni agbára Ìlọrin wà. Ẹṣin kì í dá gbéra sógun. Orí èèkàn ni wọ́n ń so ó mọ́ ní ibùdó. Ẹnìkan ni yóò pa koríko fún un, tí yóò pọnmi, tí yóò fi ìjánu sí i lẹ́nu, tí yóò di gàárì kí olúwa rẹ̀ tó gùn ún. Òru ni Ìbàdàn kọlù wọ́n. Nínú òkùnkùn àti ariwo, ta ni yóò tú okùn? Ìlọrin fọ́n ká, kò sì tún lè ti ogun rẹ̀ dé ìhà gúúsù mọ́.

Igbó Ìjẹ̀ṣà ti kọ́ Ọ̀yọ́ ní irú ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú. Johnson kọ ọ́ pé láyé Aláàfin Ọbalókun, àwọn Ìjẹ̀ṣà lúgọ de ọmọ ogun Ọ̀yọ́, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn, nítorí pé Ọ̀yọ́ kò tíì mọ ogun inú igbó. (Eṣinṣin amùjẹ̀ tí ń kó àrùn ran ẹṣin kò sì jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé níbẹ̀.)

Ọ̀yọ́ kò fojú kéré iṣẹ́ náà: Olókùn-ẹṣin wà lára àwọn tí ó gbọ́dọ̀ bá Aláàfin kú. Àwọn ti ibùdó Òṣogbo kò ní irú oyè bẹ́ẹ̀. Koríko, omi àti okùn ni tiwọn.