Ọmọ, Bọ́ọ̀lù àti Àjàkálẹ̀-Àrùn: Ohun Tí Òbí Ń Gbé Sórí Òṣùwọ̀n

Ìbéèrè tí ó wà níwájú ìgbìmọ̀ ní alẹ́ yìí kì í ṣe ìbéèrè tuntun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2020 ni ó tún kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé. Bí àrùn tí ń ràn bá wọ ìlú, ṣé kí òbí jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá, àbí kí ó dá a dúró sílé? Ẹni tí kò bí ọmọ lè wí pé ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Ṣùgbọ́n ní Malete, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Moro ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, níbi tí bàbá àgbà, ìyá àgbà, òbí àti ọmọ ti ń gbé nínú agbo ilé kan náà, tí wọ́n ń bu omi mu nínú àmù kan náà, ìdáhùn náà le koko bí ojú ẹja.

Ìlú àgbẹ̀ ni Malete kí ó tó di ìlú akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 2009 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwárà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀ láti orí títí dé ẹsẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá ti pọ̀ níbì kan, bọ́ọ̀lù kò ní ṣàìsí níbẹ̀. Òkúta méjì lápá ìhín, òkúta méjì lápá ọ̀hún, pápá dé. Ìlọrin kò sì jìnnà. Níbẹ̀ ni pápá ìṣeré ńlá ti ìpínlẹ̀ wà, níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kwara United fi ṣe ilé, níbẹ̀ náà sì ni ìjọba Gómìnà Bukola Saraki dá ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ sí ní ọdún 2005, kí àwọn ọmọ lè máa kọ́ ìwé kí wọ́n sì máa kọ́ bọ́ọ̀lù pọ̀. Òbí tí ó bá sì wí pé eré lásán ni bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ yóò rán an létí Rashidi Yekini, ẹni tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ìrá ní Kwárà yìí kan náà, tí ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú ìdíje Ife Àgbáyé, ní ọdún 1994. Orúkọ ọkùnrin náà ti sọ bọ́ọ̀lù di ohun tí òbí lè fi ọkàn tẹ̀ fún ọmọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ọkàn tẹ oko tàbí ìwé.

Kí bọ́ọ̀lù tó dé, ìjàkadì wà, eré òṣùpá sì wà. Àdúgbò máa ń kó ọmọ jọ láti bá àdúgbò kejì jà, ìlù a máa ró, àwọn àgbà a sì jókòó yí agbo ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, èyí tí í ṣe orúkọ tí a fi ń bo orúkọ Ṣọ̀pọ̀nná mọ́lẹ̀, a kì í lu ìlù, a kì í sì jẹ́ kí ọmọdé máa rìn kiri ní ọ̀sán gangan. Àwọn ọ̀làjú ti fi èyí ṣe ẹlẹ́yà púpọ̀. Bẹ́ẹ̀, níbi tí ìlù kò bá ti dún, èrò kì í pé jọ. Níbi tí èrò kò bá sì ti pé jọ, àrùn kì í rí ẹni púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohunkóhun tí àwọn baba rò pé ó fa àrùn náà, òfin tí wọ́n ṣe kò jìnnà sí èyí tí àwọn dókítà ṣe lẹ́yìn wọn. Ọdún 1970 ni a rí àwọn aláìsàn ìgbóná tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde pé ó ti tán ní gbogbo ayé.

Èyí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀ ni ti ọdún 1918. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Accra, àwọn tí ọ̀fìnkìn ńlá ń bá jà sì wà nínú rẹ̀. Ìjọba amúnisìn ti ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn ní Èkó pa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ènìyàn ti yá ju òfin lọ. Ọ̀pọ̀ sá kúrò ní ìlú. Ojú irin tí ó ti Èkó kọjá sí Ọ̀ṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà títí dé Kano ti parí láti ọdún 1912, ọ̀nà tí a là fún ọjà àti ẹrù sì ni àrùn náà bá wọ inú ilẹ̀ lọ. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ọdún 1918 yàtọ̀ ni ẹni tí àrùn náà ń pa. Kò mọ sórí arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọ̀fìnkìn. Àwọn tí ara wọn le koko ni ó pa jù, láti ẹni ogún ọdún dé ẹni ogójì, àwọn tí ń ko oko, tí ń ru ẹrù, tí ń ja ìjàkadì. Ní ọdún náà, òbí tí ó bá dá ọmọkùnrin rẹ̀ dúró sílé kò ní ohun méjì tí ó ń wọ̀n. Ẹ̀mí ọmọ náà gan-an ni ó ń ṣọ́. Ọ̀rọ̀ kò rọrùn báyìí nígbà tí Kòrónà dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí a má baà rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá rí, ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1940 sí 1955, bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá ti dé, àwọn òbí a máa lé ọmọ kúrò ní odò ìwẹ̀ àti ibi eré nítorí àrùn rọpárọsẹ̀. Ní ọdún 1952 nìkan, ó mú nǹkan bí 58,000 ènìyàn níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Jonas Salk ṣe, tí a kéde rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1955, ni ó dá àwọn ọmọ náà padà sí odò.

Ti Nàìjíríà tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Ebola. Oṣù keje ọdún 2014 ni ó wọ Èkó. Ogún ènìyàn ni ó mú, ó sì pa mẹ́jọ nínú wọn. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá, kí wọ́n tó yí i padà sí ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jìyà rẹ̀ jù nínú eré ìdárayá ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń lọ sí Ìdíje Òlíńpíìkì Àwọn Ọ̀dọ́ ní Nanjing ní Ṣáínà, ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Wọ́n ti fi òfin dá àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ tí Ebola wà dúró nínú eré ìjà àti eré inú omi. Ojú tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń wo wọn kò dára, Nàìjíríà sì yọ ọwọ́ nínú ìdíje náà. Sierra Leone pẹ̀lú kò kópa. Àwọn ọmọ tí kòkòrò Ebola kò sí lára wọn rárá padà wálé láìṣeré, nítorí orúkọ orílẹ̀-èdè tí a kọ sára aṣọ wọn. Ẹ̀kọ́ kejì nìyí: kì í ṣe ẹ̀mí nìkan ni àjàkálẹ̀-àrùn ń mú lọ lọ́wọ́ ọ̀dọ́. Ó ń mú àkókò lọ, àkókò eléré ìdárayá sì kúrú.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní Kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tí ó gba Èkó wọlé. Àjọ̀dún Eré Ìdárayá ti Orílẹ̀-èdè tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní Benin ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ni wọ́n sún síwájú nígbà tí ó ku bí ọjọ́ márùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìdíje líìgì dúró, tí àṣẹ sì jáde pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ di títì. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ni wọ́n kéde ẹni méjì àkọ́kọ́ ní Kwárà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq ní kí onílé gbélé. Ilé-ìwòsàn Sobi ní Ìlọrin di ibi tí a ń ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ sí.

Àwọn òṣùwọ̀n méjèèjì wá hàn gbangba. Àwọn dókítà wí pé àrùn yìí kì í sábà ṣe ọmọdé ní jàǹbá ńlá. Àwọn arúgbó ni ó ń pa, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà bá ń bá jà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ lè gbé e láti pápá wá sílé láìjẹ́ pé ó kọ́ ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ń bu omi fún ìyá àgbà ní àárọ̀. Ní ìlú òyìnbó, a lè wí pé kí arúgbó wà nínú yàrá tirẹ̀. Nínú agbo ilé, yàrá wo ni a ó yà sọ́tọ̀? Ta ni yóò sì gbé oúnjẹ wọlé? Nítorí náà, bàbá tí ó wí pé kí ọmọ má lọ kò sọ pé bọ́ọ̀lù yóò pa ọmọ náà. Ìyá tirẹ̀ ni ó ń rò. Ní oṣù keje ọdún 2020, nígbà tí àrùn náà pa Alhaji Aminu Logun, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì gómìnà, àwọn tí ń pè é ní àrùn àwọn ará Èkó dákẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fojú di ẹjọ́ ìyá tí ó wí pé kí ọmọ máa lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà kò rí ìwé kọ́ nínú ilé, ọmọ tí kò sì sí ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí ní pápá, ibòmíràn ni yóò wà. Ìwé gan-an, àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá ni ìjọba kọ́kọ́ pè padà. Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ni ìdánwò WAEC bẹ̀rẹ̀. Eré ni ó kẹ́yìn nínú ohun tí ìjọba rántí, bí ẹni pé ara ọmọ lè dúró de ìwé ìkéde.

Ibo gan-an ni ewu wà? Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 22 gbá họ́kì orí yìnyín nínú gbọ̀ngàn kan. Ẹnì kan nínú wọn ní àrùn náà láìmọ̀. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, ènìyàn 14 mìíràn ti ń ṣàìsàn, 13 nínú àwọn eléré náà àti òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn kan. Gbọ̀ngàn tí a pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ni ó ṣe èyí. Ní pápá Malete, atẹ́gùn ń fẹ́, ibẹ̀ kò sì ní òrùlé. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ìta gbangba kò léwu tó inú ilé. Ewu wà nínú bọ́ọ̀sì tí ń kó ẹgbẹ́ lọ sí Ìlọrin, tí ọmọ ń jókòó lé ọmọ lẹ́sẹ̀, tí fèrèsé sì wà ní títì nítorí eruku. Ó wà nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, níbi tí ọgọ́rùn-ún ẹnu ń pariwo góòlù lẹ́ẹ̀kan náà. Òbí tí ó gba ọmọ láàyè láti gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé, tí ó sì kọ̀ fún un láti wọ bọ́ọ̀sì, fi ọgbọ́n bá a lò ju ẹni tí ó fi òfin de pápá tí ó sì fi owó ilé ìwòran lé e lọ́wọ́.

Líìgì padà ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 2020, láìsí òǹwòran. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ ni FIFA fagi lé Ife Àgbáyé ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 17, tí ó yẹ kí ó wáyé ní Peru ní ọdún 2021, àti ti àwọn tí kò tíì pé 20. Nàìjíríà ti gba ife àwọn ọ̀dọ́ kékeré yìí nígbà márùn-ún, láti ọdún 1985 títí dé 2015. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a bí ní ọdún 2004 ni ìdíje náà wà fún. Kò sí ẹni tí ó lè sún ọjọ́ ìbí wọn síwájú bí a ti sún ìdíje síwájú.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dé Nàìjíríà. Àgbàlagbà ni wọ́n ń gún un fún, kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó bá gba abẹ́rẹ́ ti mú ẹrù kúrò lórí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Èyí yí òṣùwọ̀n padà ju ohun tí ìjọba kankan sọ lórí rédíò lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ìdíje Eré Ìdárayá ti Àwọn Ọ̀dọ́ ní Orílẹ̀-èdè, fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 15, tí ó ti wáyé ní Ìlọrin ní ọdún 2019 tí kò sì wáyé ní 2020, tún padà sí Ìlọrin. Àwọn ọmọ kékeré ìpínlẹ̀ gbogbo sáré, wọ́n fò, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí ó pé ọdún 14 nígbà tí pápá di títì ní oṣù kẹta ọdún 2020 kò lè sí nínú wọn mọ́. Ó ti kọjá ọjọ́ orí náà.