Yekini, Rossi àti Àsìkò Ìṣípò
Láti Ẹ̀rìn-Ilé níbí, Ìrá tí wọ́n sin Rashidi Yekini sí kò jìnnà. Ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 21 ló gbá sáwọ̀n fún Vitória Setúbal. Lóṣù Kẹfà 1994, òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà wọlé ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ló bá lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì. Góòlù di ọ̀wọ́n.

Ní 2004, Valentino Rossi fi Honda sílẹ̀ fún Yamaha, ó sì gbégbá orókè nínú ìdíje alùpùpù àkọ́kọ́ tó gùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ó kó àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ dání. Yekini ò lè kó àwọn tó ń fún un ní bọ́ọ̀lù lọ.

Mi ò dá a lẹ́bi o. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà. Bó bá dúró, ìpè mìíràn lè má dé mọ́.