Olùkọ́ Tó Ń Wẹ̀yìn Wò: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ọmọdé ní Accra

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwẹ̀yìnwò yìí ni ìpìlẹ̀ ìlànà ìkọ́ni tí ó ń béèrè pé kí olùkọ́ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: kí ni ọmọ mú lọ, kí ni kò yé e, kí ni ó sì yẹ kí a yí padà lọ́la? Ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ìbéèrè yìí kò rọrùn, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́rin kì í sábà sọ pé ẹ̀kọ́ kò yé òun. Ńṣe ni yóò dákẹ́. Ìtàn ìlú Accra fi hàn pé orísun méjì ni irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ní: èdè, àti ohun tí àwọn òbí kà sí ẹ̀kọ́.

Ti èdè ni ó kọ́kọ́ yọjú. Johannes Zimmermann, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ Basel, tẹ ìwé gírámà èdè Gã jáde ní 1858, nítorí ẹgbẹ́ náà gbà pé èdè ìyá ni ẹ̀kọ́ fi ń wọni lọ́kàn. Ní 1925, òfin ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí lílo èdè abínibí ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn òmìnira ní 1957, ìlànà ń pàwọ̀ dà bí ọ̀gà. Ní 2002, ìjọba pàṣẹ pé kí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìkọ́ni láti kíláàsì kìíní. Ní nǹkan bí 2009, ètò NALAP dá èdè 11, tí Gã wà lára wọn, padà. Òkè ni àṣẹ ti ń wá. Olùkọ́ ni ó ń fojú rí àbájáde rẹ̀. Nínú kíláàsì kan ní Accra, níbi tí ọmọ Gã, Akan, Ewe àti Haúsá ti jókòó pọ̀, kò sí àṣẹ tí ó lè tọ́ka sí ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò yé. Olùkọ́ tó lákìíyèsí nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Ní 2007, ọdún méjì jẹ́lé-ó-sinmi di apá kan ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó pọn dandan ní Gánà. Ṣùgbọ́n àkọ́sórí àti àdàkọ ojú pátákó kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2015 sí 2016, Sharon Wolf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀nà mìíràn wò nínú ètò Quality Preschool for Ghana, ní ilé-ẹ̀kọ́ 240, ti ìjọba àti ti aládàáni, ní Ẹkùn Greater Accra. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní apá kìíní, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń fi eré kọ́ ọmọ àti bí a ti ń tọ́ ọ láìfi ìjìyà ṣe; àwọn amọ̀nà sì ń bẹ̀ wọ́n wò nínú kíláàsì láti bá wọn yẹ iṣẹ́ wọn wò. Apá kejì rí èyí gbà pẹ̀lú ìpàdé òbí, níbi tí a ti ń wo fíìmù kéékèèké lórí ìwúlò eré. Apá kẹta ń bá ìṣe àtẹ̀yìnwá lọ.

Àbájáde rẹ̀ ya ni lẹ́nu. Ní apá méjèèjì àkọ́kọ́, àárẹ̀ ọkàn olùkọ́ dín kù. Ṣùgbọ́n ní apá kìíní nìkan ni àyè tí olùkọ́ ń fún ọmọ láti sọ tẹnu rẹ̀ ti gbòòrò, tí ìmúrasílẹ̀ àwọn ọmọ fún ilé-ẹ̀kọ́ sì ti sunwọ̀n sí i. Níbi tí a ti fi ìpàdé òbí kún un, èrè tí ọmọ ìbá jẹ pòórá. Àlàyé kan tó bá ìtàn mu nìyí: òbí tí a ti kọ́ láti ìran dé ìran pé pátákó, àkọ́sórí àti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kọ́, kò ní torí fíìmù ráńpẹ́ gbà pé eré náà ni ìwé.

Ní 2017, ìlànà orílẹ̀-èdè Gánà fún olùkọ́ sọ ìyẹ-iṣẹ́-ara-ẹni-wò di ojúṣe. Ìgbésẹ̀ tó yẹ ni, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òbí ló mọ èdè tí ọmọ fi ń sunkún, tí ó sì fi ń rẹ́rìn-ín. Kí olùkọ́ tó dá òbí lẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè: èdè wo ni ọmọ yìí ń sọ nílé, eré wo ni ó ń ṣe, kí sì ni ẹ̀yin ń pè ní ìmọ̀? Nínú ìdáhùn wọn ni olùkọ́ yóò ti rí ọ̀rọ̀ tí yóò la ẹnu ọmọ tó dákẹ́.