Ohun Tó Kù Lórí Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní yunifásítì á rántí ìbéèrè kan tí mi ò yéé bi yín: ohun tó kù yìí, kí ló jẹ́ kó kù? Òkè Ìdànrè ni mo fẹ́ fi dáhùn rẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá ń wá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kó lọ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn ná. Orí òkè yẹn gan-an ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àfi pé kò ní ògiri.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ifẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ti wá, wọ́n sì ń pe ibùdó wọn ní Ufẹ̀ Òkè. Àpáta ni odi wọn. Ta ni yóò gbé ogun gun irú ibẹ̀? Nígbà tí ogun ilẹ̀ Yorùbá parí, ohun tó so wọ́n mọ́ òkè dínkù. Ilé ìwé dé orí òkè ní 1896, ilé ẹjọ́ náà sì wà níbẹ̀. Láti 1923 ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n wá fìdí kalẹ̀ sísàlẹ̀. Ní 2007, orúkọ òkè náà wọ ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ìwé ìdúró lásán nìyẹn o, kò tíì wọlé.

Ẹ wá wo ohun tó kù. Òkúta ló ṣáájú: àwọn ibojì, àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn lára àpáta. Igi ló tẹ̀ lé e: àwọn òpó ààfin Ọwá àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Igi kì í pẹ́ bí kò bá sí olùtọ́jú. Ikán ò mọ ọba. Àwọn òpó yìí kù nítorí pé ààfin ni wọ́n wà, kò sì sẹ́ni tó gbé wọn lọ.

Ẹ rántí ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley. Àwọn British Museum rí i, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fi àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà. Kí n sọ òótọ́, ikán ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ fojú kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀, físà ni yóò kọ́kọ́ wá.

Aṣọ wá ńkọ́? Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ní agbègbè Oǹdó àti Ọ̀wọ̀, àwọn obìnrin ní òfì tiwọn tó máa ń dúró ti ògiri nínú ilé. Wọ́n ran òwú, wọ́n pa á láró, wọ́n hun kíjìpá. Àwọn ọkùnrin ń hun ẹtù, àlàárì àti sányán lórí òfì tiwọn. Aṣọ ò lágbára bí òkúta. Òmíràn bá olówó rẹ̀ wọ sàréè, òmíràn di àkísà tí wọ́n fi pọn ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gun òkè náà lónìí fi máa bá ipasẹ̀ ọba, adájọ́ àti tíṣà, tí kò sì ní bá ìyá tó hun aṣọ ìlú. Kì í ṣe pé ìyá náà ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ṣe ni kò lè bá àpáta jà.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún yín. Ẹ ṣí àpótí ìyá yín. Bí ẹ bá rí aṣọ àtijọ́ níbẹ̀, ẹ má tíì fún telọ. Ẹ bi àwọn àgbà pé ta ló hun ún, níbo, fún ayẹyẹ wo, kí sì ni wọ́n ń pè é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ìwé náà sínú aṣọ. Aṣọ tí a ò mọ ìtàn rẹ̀, bó tilẹ̀ wà nínú gíláàsì, aṣọ lásán ni.